Ta Ló Wà Nínú Ẹ̀?

Àwa mẹ́ta la wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. NEPA ti mú iná. Màmá gba ìwé lọ́wọ́ Túndé, wọ́n gbé e sún mọ́ tọ́ọ̀ṣì fóònù mi, wọ́n sì ń wò ó bí ẹni tí wọ́n fún lówó tó ń fura sí. Òmìrán onírin kan ló kún ojú ewé tí wọ́n ṣí sí láti òkè délẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀ kan ti tẹ oko kòkó ẹnì kan pa, èkejì ṣì wà lókè, ewúrẹ́ mẹ́ta sì ń sá àsálà lábẹ́ ẹ̀. Màmá fi ìka tọ́ àyà òmìrán náà, níbi tí Túndé fa ìlà wẹ́wẹ́ sí bí ihò atẹ́gùn.

“Ọkọ mi, ta ló wà nínú ẹ̀?”

“Kò sẹ́nì kankan ńbẹ̀, Màmá. Róbọ́ọ̀tì ni.”

Màmá yọ awò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n dá a padà. “Mo ti gbọ́ pé róbọ́ọ̀tì ni. Ta ló wà nínú ẹ̀?”

Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Oṣù mẹ́rin rèé, ìbéèrè náà ò tíì kúrò lọ́kàn mi. Ó ti ba ìwé tí èmi àti ọmọ yìí jọ ń ṣe jẹ́, tàbí kó jẹ́ pé òun ló tún un ṣe. N ò tíì mọ èwo ni.

Ọmọ àbúrò mi obìnrin ni Túndé. Ọmọ ọdún 14. Ìyá ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó, ọ̀dọ̀ wa ní Ilé-Ifẹ̀ níbí ló ti ń lọ sílé-ìwé. Búùkù ìṣirò ló fi ń yàwòrán, èyí tó ní ìlà onígun mẹ́rin kéékèèké, torí ó ní ìlà yẹn ni kì í jẹ́ kí àpótí àwòrán òun wọ́. Pẹ́ńsù ló kọ́kọ́ ń lò, á wá fi báírò dúdú tọ ipasẹ̀ ẹ̀, á sì fi kílínà pa pẹ́ńsù rẹ́. Búùkù mẹ́ta ló ti kún.

Ìtàn náà ò le. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, àwọn òmìrán onírin jáde látinú omi Ọ̀pá, lọ́nà yunifásítì lọ́hùn-ún, wọ́n kọrí sí ìgboro. Àwọn èèyàn sá. Ẹni tó ní mọ́tò gbé mọ́tò, ẹni tí ò ní gun ọ̀kadà, Ifẹ̀ ṣófo. Àwọn ẹranko nìkan ló kù, torí kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé ìlú ń sá. Ni wọ́n bá pe ìpàdé. (Ìpàdé yẹn gba ojú ewé 11. Mo sọ fún un pé ìpàdé àwọn lándílọ́ọ̀dù àdúgbò wa gan-an ò gùn tó bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n rántí àwọn àlọ́ ìjàpá, ìgbà wo ni ẹranko ṣe nǹkan kan rí láì kọ́kọ́ pèpàdé? Ó rí mi mú.) Lẹ́yìn ìpàdé, ogun.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ ẹ̀ ni bó ṣe ń fi ohun tá a mọ̀ wọn ohun tá ò mọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Ifẹ̀, ẹ mọ ère Mọ́remí tí Ọọ̀ni ṣí ní 2016. Ẹsẹ̀ bàtà 42 ni. Béèyàn bá dúró nídìí ẹ̀, ọrùn á fẹ́rẹ̀ẹ́ kán kó tó rí ojú ẹ̀. Lójú ewé kẹrin, orí Mọ́remí ò kọjá orúnkún òmìrán kan. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan lójú ewé yẹn, kò sì sí èyí tí mo fẹ́ fi kún un. Àmọ́ lójú ewé tó tẹ̀ lé e, òmìrán mìíràn fa Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn tu, odidi òkúta tó ga ju mítà 5 lọ, tòun ti ìṣó irin ara ẹ̀, ó kì í bọ ẹnu, ó fẹ́ fi ṣe pákò. Mo ní kó pa á rẹ́ kí Màmá tó rí i. Kò pa á rẹ́. Màmá rí i. Wọ́n ní, “Kò tiẹ̀ kọ́kọ́ fomi yọ ẹnu.”

Ẹkùn ló kọ́kọ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa. Abilà ló ya ẹkùn ọ̀hún: ìlà dúdú gbọọrọ gbọọrọ láti ọrùn dé ìrù, irú èyí tó máa ń wà lára bùláńkẹ́ẹ̀tì. Mo ní, “Túndé, ta ló gbé eléyìí wọ igbó wa?” Éṣíà nilé èyí tó ní ìlà, kò sí igbó Áfíríkà kankan tó ti wá. Onítótó ni ẹkùn tiwa, ara ẹ̀ kún fún àmì róbótó-róbótó bí ìgbà téèyàn fìka tẹ aró. Ó ní inú fóònù lòun ti wò ó, òun kọ ẹkùn sí i, ohun tí wọ́n gbé fóun nìyẹn. Mo wá ki í fún un: Ògìdán, olólà ijù. Ẹkùn ló ń kọlà fún ẹlòmíì láì lo abẹ. Olólà ni, kì í ṣe onílà. Ó ronú sí i, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó fi kílínà pa gbogbo ìlà náà rẹ́. Mo rò pé ó ti tán nìyẹn. Ìgbà tá a dé ojú ewé 27, ẹkùn fò mọ́ òmìrán kan lójú, nígbà tó fi máa bọ́ sílẹ̀, àbàjà mẹ́ta-mẹ́ta ti wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ irin náà méjèèjì. Mo pàtẹ́wọ́ fún un.

Èmi ni mò ń kọ ọ̀rọ̀ sí i, torí ó ní Yorùbá òun ò dán tó. Ariwo ló sì fún mi níṣẹ́ jù. BOOM ló kún ibi gbogbo tẹ́lẹ̀. BOOM níhìn-ín, CRASH lọ́hùn-ún. Mo ní irin tó bá fẹ́ jà n'Ífẹ̀, kó pariwo bí irin Ifẹ̀. Ó dáa, báwo ni irin tó ga ju Mọ́remí lọ ṣe ń rìn lédè wa? Ìrọ̀lẹ́ méjì la fi wá a. A gbìyànjú gbì, ó fúyẹ́, àfi bí àpò gààrí tó já bọ́ lórí alábàárù. A gbìyànjú kìjikìji, ó dùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n erin ló ni ín. Àjànàkú ní í mi igbó kìjikìji, kò sì yẹ ká jí ẹsẹ̀ erin gbé fún ọ̀tá ẹ̀. Nígbà tó yá, Túndé gbé ìkòkò ìsebẹ̀ Màmá, ó fi lu sìmẹ́ńtì ẹ̀yìnkùlé. Mo gbọ́ GBỌ̀NRÀN. Ohun tá a kọ nìyẹn. Etí ìkòkò náà kan ti ṣẹ́. Màmá ò tíì sọ nǹkan kan, èyí tó burú ju kí wọ́n sọ̀rọ̀ lọ.

Ó bi mí pé kí ló dé tí mò ń dààmú ara mi lórí ariwo lásán, ṣebí eré ni. Mo bi òun náà pé ṣé ó mọ ogun Kírìjì. Ó mọ̀ ọ́n: Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, wọ́n kọ́ wọn nílé-ìwé. Mo ní kí ló ń jẹ́ Kírìjì? Kò mọ̀. Kì í ṣe orúkọ ìlú, kì í ṣe orúkọ ọba, kì í ṣe odò. Ariwo ìbọn ni. Àwọn tó wà lójú ogun láàárín Igbájọ àti Ìmèsí-Ilé gbọ́ ohun tí ìbọn ńlá ń wí, ohun tí wọ́n gbọ́ ni wọ́n sì fi sọ ogun ọ̀hún lórúkọ. Kò sẹ́ni tó rò pé eré ni nígbà yẹn. Túndé dákẹ́ fúngbà díẹ̀. Ó ṣí ẹ̀yìn búùkù, ó kọ KÍRÌJÌ, ó ń fi pẹ́ńsù sọ lẹ́tà ibẹ̀ di ràgàjì-ràgàjì, títí tí mo fi lọ sùn.

Ajá ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ dáadáa. Nínú búùkù kìíní, ajá ti bá àwọn èèyàn sá lọ. Túndé ní ajá kì í ṣe ẹranko igbó, kò kàn án. Mo ní òun gan-an lọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Gbogbo irin, ti Ògún ni. Ọkọ́, àdá, ọ̀bẹ, ìbọn, mọ́tò, títí dórí ẹ̀rọ ìlọta. Níbí n'Ífẹ̀, bí ọdún Ọlọ́jọ́ bá dé, Òkè Mògún ni Ọọ̀ni ń lọ tòun ti adé Arè lórí. Ajá sì ni Ògún ń jẹ. Ẹ wá rò ó wò. Ogun dé láàárín irin àti ẹranko. Ẹranko kan wà tó ń bá ọdẹ rìn, tó ń wá ẹran tí irin ọdẹ pa jáde látinú igbó, tó ń sùn sídìí ìbọn lálẹ́. Òun náà ni wọ́n ń bẹ́ lórí fún irin lọ́jọ́ ọdún. Ẹ̀yìn ta ni kó wà? Kìnnìún ò ní irú wàhálà yẹn, erin ò ní in. Ajá nìkan ló mọ òórùn irin kí wọ́n tó nù ún àti lẹ́yìn tí wọ́n bá nù ún tán.

Túndé ò fèsì. Ó jáde lọ jókòó ti ajá ilé wa, pupa kan báyìí tí etí ẹ̀ òsì kì í dìde, ó sì yà á, ó yà á, ó yà á. Ajá ọ̀hún wọnú ìwé ní búùkù kejì, kò wí nǹkan kan. Gbogbo ẹranko tó kù ló ń sọ̀rọ̀, kódà ìgbín ní gbólóhùn méjì. Ajá nìkan ni n ò kọ ọ̀rọ̀ sí lẹ́nu. Ó kàn ń gbóòórùn kiri ẹsẹ̀ àwọn òmìrán ni, bí ẹni tó ń wá nǹkan tó mọ̀.

Ó yá, ká padà sórí ìbéèrè Màmá. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà, mo bi wọ́n léèrè ohun tó wà lọ́kàn wọn. Wọ́n wò mí bí ẹni pé ilé ìwé tí wọ́n rán mi lọ ti jí wọn lówó. “Ṣé ìwọ ò gbọ́ ìtàn Mọ́remí ni?”

Ọmọ Ifẹ̀ wo ni ò gbọ́ ọ? Àwọn ará Ugbò ń wá kó Ifẹ̀ lẹ́rù lọ, wọ́n á fi ìko bo ara wọn látorí dé ẹsẹ̀, Ifẹ̀ rò pé iwin ni, wọ́n á sá. Ibi tí gbogbo wa sì máa ń sáré dé nínú ìtàn yẹn ni odò Ẹ̀sìnmìrìn, ẹ̀jẹ́, Olúorogbo, ẹkún. Màmá ní à ń sáré jù. Wọ́n ní obìnrin kan jẹ́ kí wọ́n mú òun lẹ́rú kóun lè mọ ohun tó wà nínú ìko, ibẹ̀ ló yẹ kéèyàn jókòó sí. Ọjọ́ tó rí i pé èèyàn ni, èèyàn tó ń jẹun, tó ń fẹ́yàwó, tó ń bọ́ ìko sílẹ̀ lálẹ́ tó ń họ ara kíkankíkan, ọjọ́ yẹn gan-an ló ti ṣẹ́gun. Ògùṣọ̀ tí Ifẹ̀ fi dáná sun ìko yẹn, wọ́n kàn fi parí ẹ̀ ni.

“Ohun tó bá ń fẹsẹ̀ méjì rìn,” Màmá ní, wọ́n ju òkúta ẹ̀wà kan nù, “ẹnì kan ló wà nínú ẹ̀.”

Mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀, ó sì jọ pé gbogbo ìtàn tí wọ́n fi tọ́ wa dàgbà ló ń gbè é lẹ́yìn wọn. Ọdẹ rí ẹfọ̀n tó bọ́ awọ sílẹ̀ tó di arẹwà obìnrin, Ọya ni, ọdẹ sì jí awọ náà kó pamọ́ sí àjà. Egúngún ńkọ́? N ò ní fẹnu mi sọ ìyẹn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kódà àwọn kìnnìún irin márùn-ún tá a máa ń sáré wálé wá wò lórí tẹlifíṣàn nígbà tí mo wà ní pírámárì, àwọn tó máa ń so pọ̀ di òmìrán kan, Japan ni wọ́n ti kọ́kọ́ yà wọ́n kí àwọn ará Amẹ́ríkà tó tún wọn tò ní 1984, síbẹ̀ awakọ̀ kan jókòó sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Màmá kì í wò ó. Ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná ni wọ́n máa ń dúró sí, wọ́n á ní ká dín ohùn ẹ̀ kù.

Túndé ò gbà o. Ó ní, “Àǹtí, ẹ má bínú, ti ìgbà yín nìyẹn. Ní báyìí, wọ́n á ti kọ ohun tó máa ṣe sínú ẹ̀, wọ́n á wá lọ sùn.” Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló sọ ọ́, kò sì gbójú kúrò lórí ìwé ẹ̀. Ara mi bù máṣọ.

Ọ̀rọ̀ náà gan-an ní ìtàn. Karel Čapek, òǹkọ̀wé ará Czech, ló fi róbọ́ọ̀tì sínú eré orí ìtàgé tó kọ ní 1920. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ Josef ló bá a wá orúkọ náà. Iṣẹ́ àfipáṣe ni robota lédè wọn, èyí tí tálákà ń ṣe lóko ẹni tó ni ilẹ̀ láì gba kọ́bọ̀. Àwa náà ní ìwọ̀fà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbèsè ló wà nídìí tiwa. Ìwọ̀fà kì í yan oko tó máa ro. Bó bá ro ààlà kọjá wọ oko ẹni ẹlẹ́ni, wọn kì í bá a jà lọ títí. Ọ̀dọ̀ olówó ẹ̀ ni wọ́n ń lọ. Mo wá yẹ ìwé Túndé wò láti ewé àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, mò ń wá olówó àwọn òmìrán yìí. Kò sí. Kò tiẹ̀ sí ilé tí wọ́n ti wá. Omi ni wọ́n ti jáde.

Nígbà tí ìjà Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ tún bẹ́ ní 1997, ọmọ sẹ́kọ́ńdírì ni mí. N ò ní fa ọ̀rọ̀ yẹn gùn, àwọn tó sọ èèyàn nù ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ṣì ń bá wa ra ọjà. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ mú níbẹ̀: bí ìbọn bá ti ń dún lọ́ọ̀ọ́kán lálẹ́, Màmá á máa dá orúkọ pè nínú òkùnkùn. Ọmọ ìyá aláṣọ wà níbẹ̀. Ọmọ tó ń bá wa gun orí òrùlé wà níbẹ̀. Wọn ò sọ ẹ̀gbẹ́ tí ẹnikẹ́ni wà. Bí wọ́n ṣe ń dá orúkọ náà máa ń bà mí lẹ́rù ju ìbọn lọ nígbà yẹn, mo máa ń ti ìka bọ etí. Ṣùgbọ́n àwọn olórúkọ yẹn náà ni wọ́n lọ bẹ̀ nígbẹ̀yìn. Kírìjì alára, èèyàn ló fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ẹ̀ ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án 1886. Tó bá jẹ́ ìko Ugbò lásán ló ń rìn bọ̀ láìsẹ́ni nínú ẹ̀, kí ni Mọ́remí ì bá lọ fẹ́?

Mo bi Túndé léèrè ìyẹn. Ó ní, “Wọn ì bá kàn pa á ni, mà.” Ó ní kí n bá òun gba báírò tó wà lórí tábìlì.

Oṣù tó kọjá, a gbé búùkù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe fọtokópì kan, ká dì wọ́n pọ̀ kí ìyá ẹ̀ rí i. Ẹni tó ṣe é ń tẹ fóònù, ó to gbogbo ewé sódì, ó sì ti fi gọ́ọ̀mù dì í kí n tó ṣẹ́jú. Èyí tó gbẹ̀yìn ló wà níwájú. Owó ti lọ. Ojú Túndé pọ́n, ó kù díẹ̀ kó sunkún, àfi bó ṣe rántí pé bí àwọn ará Japan ṣe ń ka tiwọn nìyẹn, látọwọ́ ọ̀tún wá. Ó tù ú nínú díẹ̀. Èmi ò rí ìtùnú kankan níbẹ̀, mo ṣì ń bínú owó mi.

Màmá ni kò mọ̀ pé ó sódì. Wọ́n kà á bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́. Àbàjà kúrò lẹ́rẹ̀kẹ́ irin. Ìpàdé ojú ewé 11 tú ká, oníkálukú gba ọ̀nà ihò ẹ̀ lọ. Òmìrán yọ Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn lẹ́nu, ó rọra fi í gúnlẹ̀ padà. Ẹsẹ̀ irin gbé kúrò lórí oko kòkó, kòkó dìde. Àwọn òmìrán ń fẹ̀yìn rìn, wọ́n wọnú omi Ọ̀pá lọ, omi pa dé, àwọn èèyàn sì ń ti gbogbo ọ̀nà wọ̀lú bọ̀ lórí ọ̀kadà. Màmá pa ìwé dé. Wọ́n ní ó parí dáadáa, wọ́n ní Ọlọ́run á máa fún Túndé ní ọgbọ́n kún ọgbọ́n. Èmi àti ẹ̀ ò lè wo ojú ara wa.

Búùkù kẹrin ló wà lọ́wọ́ báyìí. Òkété fi ojú ewé mẹ́fà gbẹ́ ilẹ̀ abẹ́ ẹsẹ̀ òmìrán kan, ó ṣubú gbalaja ní Ẹnuwá, GBỌ̀NRÀN sì gba ojú ewé méjì. Ilẹ̀kùn kan ṣí láyà ẹ̀, níbi ìlà wẹ́wẹ́ tí Màmá tọ́ka sí lálẹ́ ọjọ́sí. Gbogbo ẹranko dúró lókèèrè. Ajá nìkan ló gun irin náà, ó ń gbóòórùn, ó wọlé. Nínú ẹ̀, Túndé ya àga kan. Àga títun ni, ọ̀rá tí wọ́n fi wé e láti ibi tí wọ́n ti ṣe é ò tíì kúrò lára ẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ti mọ́tò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Èmi ló yẹ kí n kọ ọ̀rọ̀ síbẹ̀. N ò kọ nǹkan kan.

Lánàá, iná wà. Màmá wo ojú ewé náà pẹ́. Ajá ti gun orí àga, ó ká ìrù mọ́ra, bó ṣe máa ń ṣe lórí àga ọ̀dẹ̀dẹ̀ tá a ti lé e lé e kó má gùn.

“Ajá ló wà nínú ẹ̀,” ni wọ́n wí.

“Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni, Màmá. Kò sẹ́nì kankan ńbẹ̀ tẹ́lẹ̀.”

“Mo rí i.” Wọ́n fi èékánná tẹ ọ̀rá àga náà bí ẹni pé ó máa dún. “Ta ló ń fún un lóúnjẹ níbẹ̀?”

Túndé wò mí. Mo wo Túndé. Ó gba búùkù náà padà, ó wá kílínà ẹ̀ títí ó fi rí i lábẹ́ àga, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya abọ́.